Ààbọ̀ Irun, Lẹ́tà Márùn-ún

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan rèé: àga kan, dígí kan, àti pátákó lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n kọ "ORÍ PÍPÉ" sí gàdàgbà. Aago ara ògiri ti lu mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀. Káfíńtà jókòó sórí àga, aṣọ funfun wé e lọ́rùn, ó dorí kodò bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ mọ́ tónítóní, apá òsì kún dìmùdìmù. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ gbé kílípà sórí tábìlì láìpa á. Kílípà ń kùn bí oyin, ọ̀gá tẹjú mọ́ fóònù.

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀gá.

Ọ̀GÁ: Ṣííì!

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀gá, apá òsì ṣì kù o.

Ọ̀GÁ: Mo rí i. Apá òsì ò lọ síbì kankan.

KÁFÍŃTÀ: Èmi tí mo gbé e lórí ni mò ń lọ síbìkan! Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni bàbá ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi ń retí mi. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo pẹ́, irun mi sì kún. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ṣé ẹyẹ ló ń bá mi gbé ni. Ó ní kí n padà wá lónìí, kí n mú orí gidi wá, kí n má fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n má yọjú mọ́ láéláé. Ọ̀gá, mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Tí eléyìí bá bọ́, ó ti bọ́ nìyẹn.

Ọ̀GÁ: Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n tìẹ ṣì kéré.

KÁFÍŃTÀ: Kí ló wá tóbi?

Ọ̀GÁ: Àlọ́ òòjọ́! Aago mẹ́wàá géérégé ni wọ́n máa tì í. A lẹ́gbẹ́ kan lórí fóònù, àwa ọ̀mọ̀wé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Láràárọ̀ ni olórí wa, Àgbà Àlọ́, máa ń fi àlọ́ kan ránṣẹ́, á sọ iye lẹ́tà tó wà nínú ìdáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré lèèyàn lè gbìyànjú. Lẹ́tà tó o bá gbé síbi tó yẹ, á kùn ún láwọ̀ ewé. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, á kùn ún ní dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún rèé tí mo ti ń gbà á láìtàsé. Òní ló máa pé ọgọ́rùn-ún.

KÁFÍŃTÀ: Kí ni wọ́n máa fún yín tó bá pé?

Ọ̀GÁ: Iyì.

KÁFÍŃTÀ: Iyì nìkan?

Ọ̀GÁ: "Iyì nìkan"! Ẹ gbọ́ o! Tí mo bá kùnà ńkọ́? Ewì ni wọ́n máa fi bú mi. Nọ́ọ̀sì kan kùnà lóṣù tó kọjá, lọ́jọ́ ọgọ́ta rẹ̀. Ìlà mẹ́rìndínlógún ni mo fi bú u. Ó sá kúrò lẹ́gbẹ́ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti padà dé báyìí. Láti àná ló ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ń pọ́n gègé òun.

KÁFÍŃTÀ: Kí ni obìnrin náà fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi bú u tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀GÁ: Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Ó dùn ni.

Ọ̀gá na fóònù jìnnà sójú bí ẹni fẹ́ fi í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó fọwọ́ tọ́ àpò ọ̀tún, ó tọ́ àpò òsì.

Ọ̀GÁ: Awò ojú mi dà ná? Láti àárọ̀ ni n kò ti rí i. Kò burú, mo lè ka fóònù láìsí i. Kọ́kọ́ gbọ́ ewì tí mo ti kọ sílẹ̀ de ọgọ́rùn-ún ọjọ́ mi:

*Èmi Orí Pípé, a-báni-mọ̀ràn-kó-tó-délẹ̀,*
*Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ gbáko, ẹsẹ̀ mi ò yẹ̀ rí.*
*Ẹ̀yin tórí yín ò pé, ẹ máa kálọ sí ṣọ́ọ̀bù mi,*
*Bí mo bá la irun yín, bóyá ọgbọ́n á rọ́nà wọlé.*

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ti wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ la tèmi.

Ọ̀GÁ: Dorí kodò. Gbọ́ àlọ́ náà.

Ohun tó wà lójú fóònù nìyí, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́:

*Alejo ti ko kan ilekun,*
*O wole baba, o ko eru lo.*
*Baba n wa awo kiri ile,*
*Awo wa loju baba.*
*Ta lo se e? Leta marun-un.*

Ọ̀GÁ: Àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó ti yé mi láti ibẹ̀: olè ni! Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ dáhùn "ìgárá" nìyẹn, bíi ti ìgárá ọlọ́ṣà. I-G-A-R-A, márùn-ún. Wọ́n kun I ti iwájú láwọ̀ ewé, wọ́n kun A ti àárín náà. Ìyókù, dúdú. Nítorí náà, G ò sí níbẹ̀. Bá mi fi í sọ́kàn: G ò sí níbẹ̀.

KÁFÍŃTÀ: Kí n fi G sọ́kàn? Irun ló kún ọkàn mi.

Ọ̀GÁ: Ìlà kejì: ó wọlé bàbá, ó kó ẹ̀rù lọ. Tàbí ẹrù. Tàbí ẹrú.

KÁFÍŃTÀ: Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ọ̀GÁ: Àgbà Àlọ́ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá lọ́gbọ́n á fi ọgbọ́n dé e ní fìlà.

KÁFÍŃTÀ: Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń kó lọ, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó yà síbí, kó wá kó tèmi náà.

Ọ̀GÁ: Ìlà kẹta: bàbá ń wa àwo kiri ilé.

KÁFÍŃTÀ: Ó ń wa àwo? Bí ẹni ń wa ọkọ̀?

Ọ̀GÁ: Ó ń WÁ a! Ó ń wá àwo! Àwo sì wà lójú bàbá.

KÁFÍŃTÀ: Àwo wà lójú bàbá? Ta ló ju àwo lu bàbá olóore lójú láàárọ̀ kùtù?

Ọ̀GÁ: Má fi ọ̀rọ̀ àgbà ṣeré. Ó ti yé mi báyìí. Kì í ṣe àwo, awo ni! Àṣírí ayé! Bàbá ń wá awo, awo ń bẹ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, Káfíńtà. Ọ̀rọ̀ tó ju pákó àti ìṣó lọ. Kò lè yé ọ.

KÁFÍŃTÀ: Kò gbọdọ̀ yé mi náà. Ẹ bá mi gẹ apá òsì, ká fi awo sílẹ̀ fún awo. Ìyàwó mi...

Ọ̀GÁ: Kí lo wí?

KÁFÍŃTÀ: Mo ní ìyàwó mi ló ní kí n tètè...

Ọ̀GÁ: Ìyàwó! I-Y-A-W-O! Márùn-ún! I wà níwájú, A wà láàárín! Àlejò tó wọlé bàbá tó kó gbogbo ẹrù, ta ni bí kò ṣe ìyàwó? Káfíńtà, o ò gọ̀ tó bí mo ṣe rò!

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀gá, èmi ò dáhùn àlọ́ o! Ìyàwó gidi ni mò ń sọ!

Ó ti tẹ̀ ẹ́. Fóònù dún. Dúdú mẹ́ta jókòó síbẹ̀ kalẹ̀.

Ọ̀GÁ: Ìyàwó rẹ ti tàn mí jẹ.

KÁFÍŃTÀ: Kò tíì di ìyàwó mi! Tẹ́ ẹ bá sì ń báyìí lọ, kò ní dà á.

Ọ̀GÁ: Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹrin. Jẹ́ n lo ọpọlọ. Kí ni àwa ọ̀mọ̀wé fi ń wá awo? Ìkàwé! I-K-A-W-E!

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fò sókè, ó bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ Káfíńtà lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀GÁ: E ti bọ́ sí i! E ló parí rẹ̀! I wà níwájú, A wà láàárín, E wà lẹ́yìn. Méjì péré ló kù!

KÁFÍŃTÀ: Tèmi ò pé méjì. Ẹyọ kan ni: apá òsì. Ọ̀gá, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kílípà yín náà ṣì ń dá kùn sórí tábìlì, ẹ ẹ̀ pa á.

Ọ̀GÁ: Fi í sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ni.

KÁFÍŃTÀ: Òótọ́ ni. Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí.

Ọ̀GÁ: Ìpàdé! Níbo ni wọ́n ti ń ṣe awo? Ní ìpàdé!

Dúdú méjì. Ọ̀gá nu òógùn ọrùn pẹ̀lú etí aṣọ tó wé mọ́ Káfíńtà lọ́rùn. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ọ̀GÁ: Káfíńtà, kí ni àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn lè wọlé bàbá wá jí, tí kò ní ṣeé gbà padà mọ́?

KÁFÍŃTÀ: Èmi ò mọ̀ o.

Ọ̀GÁ: Ìbálé.

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀gá!

Ọ̀GÁ: I-B-A-L-E. Márùn-ún ni! I, A, E, gbogbo wọn jókòó síbi tó yẹ!

KÁFÍŃTÀ: Ẹ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà láàárọ̀? Tó bá bí ọmọbìnrin ńkọ́?

Ó ti tẹ̀ ẹ́. Dúdú méjì ló tún fi gbà. Ọ̀gá rọra jókòó sórí àpótí, ó gbé fóònù lé orúnkún bí ẹni gbé òkú ẹyẹlé.

Ọ̀GÁ: B náà ò sí níbẹ̀. G ò sí, B ò sí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́wọ́. Wò ó, nọ́ọ̀sì ti kọ̀wé: "Orí Pípé, ṣé kò sí nǹkan? A ò gbúròó yín." Káfíńtà, obìnrin yìí á pa mí.

KÁFÍŃTÀ: Èmi ni wọ́n ti ń pa látàárọ̀, n kò pariwo. Ẹ ti gbàgbé mi sórí àga yìí! Ìgbàgbé yín yìí ló máa gba ìyàwó lọ́wọ́ mi!

Ọ̀GÁ: Kí lo pè é?

KÁFÍŃTÀ: Ìgbàgbé!

Ọ̀GÁ: *(ó ń fi ìka kà)* I-G-B-A-G-B-E. Méje. G ló kún inú rẹ̀, B ló kún inú rẹ̀. Òpè, dorí kodò.

Káfíńtà kọ̀, kò dorí kodò mọ́. Ọrùn ti ń ro ó, inú sì ń bí i. Ó gbójú sókè sínú dígí fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀. Ó kọ́kọ́ rí orí ara rẹ̀, ó kígbe. Lẹ́yìn náà ló rí orí ọ̀gá.

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀gá, awò tẹ́ ẹ ń wá.

Ọ̀GÁ: Awo ìjìnlẹ̀?

KÁFÍŃTÀ: Awò ojú. Ó wà níwájú orí yín.

Ọ̀gá fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni. Ó fà á wálẹ̀ sójú, ó wo fóònù, ó wo Káfíńtà.

Ọ̀GÁ: Ibẹ̀ ló wà látàárọ̀?

KÁFÍŃTÀ: Ibẹ̀ ló wà. Bàbá ń wá awò kiri ilé... *(ó na ìka sójú ọ̀gá)* Ọ̀gá. Awò wà lójú bàbá.

Ọ̀GÁ: Ta ló ṣe é?

KÁFÍŃTÀ: Ìgbàgbé. Kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó ti kó ohun tó wà nínú orí yín lọ tán.

Ọ̀GÁ: Mo ní méje ni! Wọ́n sì ní kò sí G, wọ́n ní kò sí B!

KÁFÍŃTÀ: GB ńkọ́?

Ọ̀GÁ: GB wo?

KÁFÍŃTÀ: A, B, D, E, Ẹ, F, G, GB. Lẹ́yìn G ló wà, ó dá dúró, lẹ́tà kan ni. I, GB, A, GB, E. Márùn-ún.

Ọ̀GÁ: Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn?

KÁFÍŃTÀ: Ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi. Òun ni tíṣà wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà. Gbogbo èèyàn ń pe GB, èmi ò lè kọ ọ́. Ó dúró tì mí, ó ní kí n pa ètè dé, kí n ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà: ohùn kan, lẹ́tà kan. Lórí GB yẹn ni mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọ̀gá. N kò tíì sọ ìyẹn fún un.

Ọ̀GÁ: Fi GB hàn mí lórí fóònù yìí! G rèé, B rèé. Bọ́tìnì méjì, lẹ́tà méjì!

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀gá, tí mo bá fi ìṣó méjì kan àga kan, ṣé ó ti di àga méjì?

Ọ̀gá wo ara ògiri. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú kan. Ó dijú, ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù dún. Nígbà tó lajú, àwọ̀ ewé ló tò lọ bẹẹrẹ bí oko tójò rọ̀ sí.

Ọ̀GÁ: Yéèè! Ọgọ́rùn-ún! Orí mi pé! Ṣé mo sọ fún ọ? Mo ti mọ̀ ọ́n látàárọ̀, mo kàn ń dán ọ wò ni!

KÁFÍŃTÀ: Ẹ kú oríire. Apá òsì.

Ọ̀GÁ: Apá òsì dà? Mú un wá! Màá gẹ ẹ́ bí orí ọba!

Ó gbé kílípà tayọ̀tayọ̀. Kílípà ní "zù", ó dákẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó gbá a mọ́ itan. Kò fọhùn.

Ọ̀GÁ: Bátìrì ti tán.

KÁFÍŃTÀ: Wáyà tẹ́ ẹ fi ń gbaná sí i ńkọ́?

Ọ̀GÁ: Ó wà nílé. Mo gbàgbé rẹ̀.

Káfíńtà bo ojú mọ́ aṣọ funfun. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n léjìká, ojú ti ọ̀gá díẹ̀. Fóònù dún, ìtìjú náà sì tán lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀GÁ: Àgbà Àlọ́ ti kọ̀wé! "Orí Pípé, o kú iṣẹ́. Ìwọ nìkan ló gbà á lónìí. Ta ló kọ́ ọ pé lẹ́tà kan ni GB? Láti oṣù tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ tíṣà ti ń bá mi jà lórí rẹ̀."

KÁFÍŃTÀ: *(ó gbójú sókè)* Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe tíṣà?

Ọ̀GÁ: Mo ti dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ọpọlọ mi ló gbé e wá. Áà, ó tún ti fi ewì ránṣẹ́! Gbọ́:

*Káfíńtà kan ń fẹ́ ọmọ mi, orí rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ;*
*Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni mo dá fún un, mo ń ṣọ́nà.*
*Ó ti kan ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò,*
*A ò mọ̀ bóyá á lè kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀ lásìkò.*

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀GÁ: Ìtẹ́ ẹyẹ! "Kan ilẹ̀kùn"! Ọ̀rọ̀ yìí dùn! Ta ni ọ̀dẹ̀ tó ń bú báyìí?

KÁFÍŃTÀ: Èmi ni.

Ẹ̀rín náà kú. Ọ̀gá wo apá ọ̀tún orí náà, ó wo apá òsì tó dà bí ìtẹ́ ẹyẹ lóòótọ́. Fóònù tún dún.

Ọ̀GÁ: Ó... ó tún kọ̀wé. Kì í ṣe nǹkan gidi.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ kà á.

Ọ̀GÁ: "Irú orí bíi tìrẹ ni mò ń wá fún ọmọ mi, Orí Pípé. Bí káfíńtà yẹn bá fi pẹ́, ṣé wàá lè yà wá kí wa?"

KÁFÍŃTÀ: Kí lẹ sọ?

Ọ̀GÁ: Ó ṣòro láti kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu. Mo ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà".

KÁFÍŃTÀ: Ẹ ẹ̀ sọ fún un pé ẹ ti níyàwó?

Ọ̀GÁ: Áà! Mo gbàgbé.

Káfíńtà dìde. Ó tú aṣọ funfun kúrò lọ́rùn, ó já fóònù gbà, ó fi ìka tó mọ òòlù ju bọ́tìnì lọ tẹ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

KÁFÍŃTÀ: "Bàbá, èmi káfíńtà ni. Orí Pípé ti níyàwó. Èmi ni mo dáhùn GB, ọmọ yín ló kọ́ mi. Mo wà lórí àga rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án, ààbọ̀ orí mi ló gẹ̀. Mò ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú."

Ọ̀GÁ: Káfíńtà! Ojú gbogbo ẹgbẹ́ lo kọ ọ́ sí o! Kì í ṣe òun nìkan!

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀n-ẹ́n? Mi ò mọ̀. Òpè ni mí.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Káfíńtà kà á fúnra rẹ̀, ó rọra ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́.

KÁFÍŃTÀ: "Ọmọ mi, máa bọ̀. Ààbọ̀ irun là ń gẹ̀ fún ọmọlúàbí. Tó bá dé ilé àna, á di odindi. Mo ní abẹ nílé. Mú Orí Pípé dání, kó wá parí iṣẹ́ rẹ̀ lójú mi." *(ó rẹ́rìn-ín músẹ́)* Nọ́ọ̀sì náà ti kọ̀wé, Ọ̀gá.

Ọ̀GÁ: Ìlà mélòó?

KÁFÍŃTÀ: Mo ti ka ogún, kò tíì dáwọ́ dúró.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó wọ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà. Ó fọwọ́ tọ́ àpò ọ̀tún, ó tọ́ àpò òsì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga.

Ọ̀GÁ: Dúró ná, Káfíńtà. N kò lè fá orí láìríran. Awò ojú mi dà?

KÁFÍŃTÀ: *(ó wò ó lójú, níbi tí awò wà)* Lẹ́tà márùn-ún, Ọ̀gá.